Ògbó Tó Mọ̀nà: Bí A Ṣe Ń Tọ Ipasẹ̀ Ọ̀rọ̀ Dé Orísun Rẹ̀

Bí ọmọ ilẹ̀ Jàpáánì bá fẹ́ dúpẹ́, arigatō ni yóò sọ. Bí ọmọ ilẹ̀ Pọtogí bá fẹ́ dúpẹ́, obrigado ni tirẹ̀. Ẹni tí ó bá pe ọ̀rọ̀ méjèèjì tẹ̀ léra wọn yóò gbọ́ bí wọ́n ṣe jọra tó. Láti ara ìjọra yìí ni ìtàn kan ti hù, tí ó sì ti tàn kálẹ̀ débi pé àwọn arìnrìn-àjò máa ń fi í ṣeré láàárín ara wọn. Ìtàn náà ni pé lẹ́nu àwọn oníṣòwò Pọtogí tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi dé ni àwọn ará Jàpáánì ti kọ́ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ wọn.

Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Bí a ṣe mọ̀ pé irọ́ ni gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò pẹ̀lú mi, nítorí ohun tí a fi ń dá irú ẹjọ́ yìí lọ́hùn-ún ni a ó fi dá tiwa nílé.

Ọdún 1543 ni àwọn Pọtogí kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Tanegashima, erékùṣù kan ní gúúsù Jàpáánì. Bẹ́ẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1000, obìnrin kan tí ó ń sin ayaba láàfin, Sei Shōnagon, ti kọ ìwé tí a mọ̀ sí Makura no Sōshi. Nínú ìwé yìí ó to àwọn ohun tí ó ṣọ̀wọ́n láyé jọ sí ojú kan, arigataki sì ni ọ̀rọ̀ tí ó fi pè wọ́n. Ó ju 500 ọdún lọ tí ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé kí ọkọ̀ Pọtogí kankan tó yọ lójú òkun. Ọmọ kì í bí ìyá rẹ̀.

Ẹ̀rí kejì wà nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ari ni kí nǹkan wà. Katai ni kí nǹkan le tàbí kí ó ṣòro. Nígbà tí a so méjèèjì pọ̀, k di g, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí nínú àìmọye ọ̀rọ̀ àkànpọ̀ èdè náà, a sì rí arigatai: ohun tí ó ṣòro kí ó tó wà, ohun ọ̀wọ́n. Nínú ìlò, ọ̀rọ̀ náà di arigataku. Nígbà tí ó yá, k já bọ́ láàárín, ó ku arigatau, fáwẹ́lì méjì ìparí sì wọnú ara wọn, ó di arigatō. Nítorí náà, ẹni tí ó ń dúpẹ́ ní èdè Jàpáánì ń sọ pé oore tí a ṣe fún òun ṣọ̀wọ́n. Ní ti obrigado, okùn ni ó wà nídìí rẹ̀: a ti dè mí, mo ti di ẹni tí ó jẹ ọ́ ní gbèsè oore. Ìrònú méjì tí ó yàtọ̀ pátápátá ni. Tiwa tún yàtọ̀ sí méjèèjì, nítorí o ṣeun kò ju o ṣe ohun lọ: ìwọ ti ṣe nǹkan.

Kì í ṣe pé àwọn Pọtogí kò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ ní Jàpáánì o. Búrẹ́dì ń jẹ́ pan níbẹ̀ títí di òní, láti ara pão. Bọ́tìnnì ń jẹ́ botan, láti ara botão. Tábà ń jẹ́ tabako. Ẹni tí ó bá fura sí arigatō kò ṣe òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú nǹkan tí pan àti botan jẹ́: ohun tí àlejò gbé wọ̀lú, tí ó sì gbé orúkọ rẹ̀ dání. Ìlú wo ni yóò dúró de àlejò kí ó tó mọ ọpẹ́ í dá?

Irú ìfura kan náà ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé emoji tí a ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù jáde láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ mọ́ ìmọ̀lára. Ọ̀rọ̀ Jàpáánì ni. E ni àwòrán, moji sì ni lẹ́tà. Ìjọra rẹ̀ pẹ̀lú ti Gẹ̀ẹ́sì kàn bọ́ sí i lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé, sí ilẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí ọ̀rọ̀ kì í ti í ṣe eré. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìtumọ̀ orúkọ ìlú a máa dá ẹjọ́. Nígbà tí ìlú méjì bá ń jiyàn lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ dó, tàbí lórí adé tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti èyí tí ó jẹ́ àbúrò, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi dìde pé, “Ẹ gbọ́ ohun tí orúkọ wa túmọ̀ sí ná.” Bí ìtumọ̀ náà bá dùn, tí ó sì bá orúkọ dọ́gba létí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò mi orí. Kò sí ẹni tí yóò bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà gbà bẹ́ẹ̀.

Òkè-Onígbìn wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsin ní ìpínlẹ̀ Kwara, kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Lórí àwòrán ilẹ̀ àti nínú ìwé ìjọba, “Oke-Onigbin” ni a máa ń kọ ọ́, láìsí àmì kankan lórí. Àlejò tí ó gbọ́ Yorùbá, tí ó sì ka orúkọ náà bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ rí ìtumọ̀: òkè tí ìgbín pọ̀ sí, tàbí òkè ọkùnrin kan tí ń sin ìgbín tà. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn, kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ, ọkùnrin náà yóò ti ní ìyàwó mẹ́ta.

Àmì ohùn ni yóò dá a dúró. Ìgbín tí a ń jẹ, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ohùn òkè ni ó fi parí. Bí a bá fi oní síwájú rẹ̀, onígbín ni yóò jẹ́. Orúkọ ìlú yìí, gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ ọ́ síbí, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó fi parí. Nínú èdè wa, fáwẹ́lì a máa já bọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá pàdé ọ̀rọ̀, kọ́ńsónáǹtì pàápàá a máa yí padà, ṣùgbọ́n ohùn sílébù tí ó ṣẹ́kù kì í ṣàdédé bọ́ sí ibòmíràn. Oní àti ìlù di onílù. Ohùn ìsàlẹ̀ wà lórí lù síbẹ̀. Oní àti iṣẹ́ di oníṣẹ́. Ohùn òkè wà lórí ṣẹ́ síbẹ̀.

Oní tún sọ ohun kan fún wa láìjẹ́ pé a bi í. Bí ó bá pàdé ọ̀rọ̀ tí kò fi i bẹ̀rẹ̀, n inú rẹ̀ a máa di l, fáwẹ́lì rẹ̀ a sì máa fara wé ti ọ̀rọ̀ náà. Ìdí nìyí tí ọba Ọ̀fà fi ń jẹ́ Ọlọ́fà, tí ọba Òmù-Àrán sì ń jẹ́ Olómù. Níwọ̀n ìgbà tí tibí yìí jẹ́ Onígbìn, tí kò jẹ́ Ológbìn tàbí Alágbìn, a mọ̀ pé ìgbìn ni ohun tí a ń wá, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ méjì.

Ìgbìn wà nínú èdè wa. Òun ni ìlù Ọbàtálá, ìlù kúkúrú tí ó ní ẹsẹ̀, tí a fi èèkàn kan awọ mọ́ lójú. Ó tún lè jẹ́ pé láti ara gbìn ni, èyí tí a ń ṣe sí irúgbìn. Ìgbín tí Ọbàtálá ń jẹ àti ìgbìn tí a ń lù fún un sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò bá fetí sí ohùn yóò fi da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì. Ohùn kò yan ìlù, kò sì yan oko. Ohun tí ó ṣe ni pé ó lé ìgbín kúrò níbẹ̀. Bí a bá sì bá àgbàlagbà kan nílùú náà tí ó fi ohùn òkè parí orúkọ yìí ní ẹ̀ka-èdè tirẹ̀, ìgbín ní ẹ̀tọ́ láti padà wá rojọ́. Ibi tí oríkì ìlú àti ti àwọn ìdílé tí ó ń jọba ti wúlò nìyẹn, nítorí oríkì a máa pa ohun tí orúkọ ti gbàgbé mọ́.

Ẹni tí ó bá ti dé Èsìẹ́, tí òun náà kò jìnnà sí Òmù-Àrán, yóò mọ àwọn ère òkúta ibẹ̀. Wọ́n lé ní 1,000, ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀pọ̀ wọn jókòó, àwọn kan mú ohun ìjà lọ́wọ́. Ní 1933 ni ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, tí ó ń bẹ àwọn ilé-ìwé ìjọ CMS wò, mú ìròyìn wọn dé etí ìjọba àmúnisìn. Ní 1945 a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ fún wọn níbẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìtàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé àlejò ni wọ́n nígbà kan rí, tí a fi gégùn-ún tí wọ́n fi di òkúta. Ṣùgbọ́n ìtàn Èsìẹ́ kan náà ni ó sọ pé àwọn ère wọ̀nyí ni àwọn tí ó wá tẹ̀dó bá níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i: òkúta ni ó ṣáájú, ìtàn ni ó tẹ̀ lé e. Àwọn ènìyàn dé, wọ́n bá ohun àrà, wọ́n sì fi àlàyé wọ̀ ọ́ láṣọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a máa ń ṣe sí orúkọ. A bí wa bá a. A kò mọ ẹni tí ó sọ ọ́, a kò sì lè fi í sílẹ̀ láìní ìtumọ̀. Àmì tí mo fi ń mọ irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ni pé odindi gbólóhùn ni ó sábà máa ń jẹ́, ó sì máa ń ní ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. “Ọba dé ibi báyìí, ó ní báyìí, láti ọjọ́ náà ni a ti ń pe ibẹ̀ ní báyìí.” Èyí kò sọ ọ́ di irọ́. Ó kàn sọ ọ́ di ohun tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.

Èyí tí ó lókìkí jù nínú gbogbo wọn lọ́dọ̀ wa ni ti orúkọ Ìgbómìnà gan-an. Ìtàn Ìlá sọ pé nígbà tí Ọ̀ràngún ń kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, Odùduwà fún un ní ògbó, irú àdá kan, tí yóò máa la ọ̀nà fún un nínú aginjù. Ògbó náà kò ṣì í lọ́nà. Ìgbà tí ó débi tí ó ń lọ, ó ní, “Ògbó mi mọ̀nà.” Ìyẹn ni ó di Ìgbómìnà.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e lé ìwọ̀n. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ohùn dúró tì í gbọnin-gbọnin. Ògbó, ìsàlẹ̀ àti òkè; mọ̀nà, ìsàlẹ̀ àti ìsàlẹ̀. Ìgbómìnà: ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀. Kò ṣẹ́ kù, kò lé, bí a bá ti yọ mi kúrò láàárín. Ṣé a lè yọ mi bẹ́ẹ̀? A lè yọ ọ́. Orúkọ oyè Ọ̀ràngún fúnra rẹ̀, Ọ̀ràn mi gún ni ìtàn náà túmọ̀ rẹ̀ sí, mi kan náà ni ó sì já bọ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá, ohun tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ó bọ́. Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ni wọ́n ní ó jẹ́ tẹ́lẹ̀, láti ìgbà tí Ṣọ̀ún gé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Sílébù mẹ́ta ni ó ti kúrò láàárín, ìyókù sì di ohùn wọn mú.

Ohùn náà sì lé igbó kúrò. Àwọn kan ti gbìyànjú láti fi igbó, ibi tí igi pọ̀ sí, ṣe ìdí orúkọ náà, kí Ìgbómìnà lè jẹ́ ará igbó kan. Igbó fi ohùn àárín bẹ̀rẹ̀. Ìgbómìnà fi ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó dàbí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí kò sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ọkọ̀ àti ọkọ kì í ṣe nǹkan kan náà.

Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, fáwẹ́lì kò gbà. Bí mọ̀ bá pàdé ọ̀nà, mọ̀nà ni ó ń fún wa, ọ̀ náà kì í sì í di ì. Ẹni tí ó ń ṣáájú àlejò, amọ̀nà ni a ń pè é. Kò sí ibi tí mo ti gbọ́ amìnà rí. Nítorí náà, Ògbómọ̀nà ni ó yẹ kí a máa gbọ́. Ibo ni ì méjèèjì ti wá, èyí tí ó wà níwájú àti èyí tí ó wà láàárín?

Ti iwájú ní ìdáhùn díẹ̀. Lẹ́nu àwọn ènìyàn, orúkọ náà kò ní ìrísí kan ṣoṣo. Àwọn kan a máa pè é ní Ìgbóònà, àwọn mìíràn a sì máa pè é ní Ògbóònà. Ó nìyẹn níwájú, níbi tí ìtàn ògbó ti ń wá a! A tún mọ̀ pé fáwẹ́lì tí ọ̀rọ̀ orúkọ fi ń bẹ̀rẹ̀ kì í dúró lójú kan láti ẹ̀ka-èdè kan sí èkejì. Ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ulé ni ilé, uṣu ni iṣu. Fún ìdí èyí, bí ẹnì kan bá ní kí n dájọ́, n ó ní ìtàn ògbó lágbára ju bí àwọn ọ̀mọ̀wé aláfojúdi ti rò lọ, kò sì dájú tó bí a ti ń kọ́ ọ nílé. Ohùn gbè é, Ògbóònà gbè é, ì àárín kọ̀ ọ́. Ẹlẹ́rìí méjì sí ọ̀kan. Ní kóòtù, a kò ní fi ìyẹn gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí ni kò jẹ́ kí n fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni ààlà Àríwá àti Gúúsù ti gba àárín ilẹ̀ Ìgbómìnà kọjá. Lónìí, Ìsin, Ìrẹ́pọ̀dùn àti Ìfẹ́lódùn wà ní Kwara. Ìlá, Ìfẹ́dayọ̀ àti Bólúwadúró wà ní Ọ̀ṣun. Gómìnà wọn kò jọ jẹ́ ọ̀kan, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wọn kò jọ jẹ́ ọ̀kan. Nínú ohun tí ó ṣì kó wọn pọ̀, orúkọ yìí wà lára èyí tí kò ṣe é fà ya. Ẹni tí ó bá fi ìtumọ̀ rẹ̀ gbé ìlú kan ga lórí òmíràn ń fọwọ́ kan okùn tí ó so gbogbo wọn.

Irú àṣìlò yìí kò mọ sí Ìgbómìnà. Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ pé “Yó rú ẹbọ” ni ó di Yorùbá. Ẹ wo ìparí rẹ̀: báwo ni ẹbọ ṣe di bá, nígbà tí rúbọ wà nínú èdè wa títí di òní, tí ọ rẹ̀ kò sì yí padà? Orúkọ náà ti wà nínú ìwé tí Ahmad Baba ará Timbuktu kọ ní 1615, pẹ̀lú orúkọ àwọn ẹ̀yà mìíràn ní agbègbè yìí. Ìgbà tí a wá ń fi í pe gbogbo wa pátá, láti Èkìtì dé Ẹ̀gbá, kò tíì pẹ́. Iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì àti Àjàyí Crowther ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó tàn án káàkiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni Samuel Johnson, tí gbogbo wa jẹ ní gbèsè ìtàn, nínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, rò pé Lámúrúdu tí ìtàn ń pè ní ọba Mẹ́kà kò ju orúkọ Nímúródù tí ẹnu yí padà lọ. Orúkọ méjì jọra létí, ó tán. Bí ó bá jẹ́ pé irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tó, arigatō ti di ti Pọtogí nìyẹn.

Báwo wá ni ẹ̀rí tí ó dára ṣe ń rí? A kò nílò láti lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ àyálò kún ẹnu wa. Ẹ wo àlàáfíà, àlùbọ́sà àti Àlàmísì. Àl ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀. Al yìí ni àwọn Lárúbáwá máa ń fi síwájú ọ̀rọ̀ orúkọ wọn: al-āfiya, al-baṣal, al-khamīs. A mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé, nítorí Haúsá ní albasa fún àlùbọ́sà, ó sì ní Alhamis fún ọjọ́ náà. A mọ àwọn tí ó gbé wọn wá, àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà Mùsùlùmí. Ìtumọ̀ wọn kò yẹ̀: khamīs jẹ mọ́ márùn-ún nínú èdè Lárúbáwá, Àlàmísì sì ni ọjọ́ karùn-ún bí a bá ka Àìkú mọ́ ọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ni ó ṣèèṣì jọ ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ ni ó tẹ̀ lé ìlànà kan náà, ní ọ̀nà tí a mọ̀, fún ìdí tí a mọ̀. Ẹ fi èyí wé Lámúrúdu, kí ẹ rí ìyàtọ̀.

Ìwé àti àkọsílẹ̀ náà a máa dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ wo orúkọ agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n nì, Giannis Antetokounmpo, tí a bí ní Athens ní 1994 fún òbí tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Yorùbá wo ni Antetokounmpo? Adétòkunbọ̀ ni. Lẹ́tà Gíríìkì kò ní ọ̀kan ṣoṣo tí ń dún bí d tiwa, nítorí náà wọ́n a máa fi n àti t kọ ọ́. Wọ́n a fi m àti p kọ b. Wọ́n a fi o àti u kọ u. Wọ́n kọ Adétòkunbọ̀ bẹ́ẹ̀ ní lẹ́tà Gíríìkì. Nígbà tí ó di ọmọ orílẹ̀-èdè Gíríìsì ní 2013, tí ó gba ìwé ìrìnnà, wọ́n yí lẹ́tà náà padà sí ti Látìnì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ó ti wà. Adé di Ante. Bí 300 ọdún bá kọjá, tí ìwé yìí sì sọnù, ọlọ́gbọ́n kan lè jókòó, kí ó sì fi èdè Gíríìkì àtijọ́ tú Ante yẹn sí ohun tí yóò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú.

Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín nínú èyí ni pé tòkunbọ̀, láti òkun bọ̀, ni orúkọ náà. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wálé ni a ń sọ ọ́. Ìgbà tí mọ́tò àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí í ti òkun wá, a sọ òun náà ní Tòkunbọ̀, bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ni ó lóyún rẹ̀ lọ. Toyota tí a ṣe ní Jàpáánì, tí ẹnì kan ti gùn fún ọdún mẹ́wàá, dé Ìlọrin, ó sì gba orúkọ àbísọ Yorùbá. Kò sí ẹni tí yóò ṣìnà lórí ìyẹn lónìí, nítorí a wà níbẹ̀ nígbà tí ó ṣẹlẹ̀.

Àwọn tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn orúkọ Ìgbómìnà kan ṣì yé ènìyàn ń dín kù. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìsin àti Òmù-Àrán tí ó dàgbà sí Èkó tàbí Ìlọrin, Yorùbá ilé-ìwé ni wọ́n ń sọ, bí wọ́n bá ń sọ ọ́ rárá. Ẹ̀ka-èdè náà ku sẹ́nu àwọn ìyá àgbà. Inú ẹ̀ka-èdè sì ni ẹ̀rí wà: irú Ògbóònà yẹn, ohùn tí a fi ń pe orúkọ ìlú nígbà tí kò sí àlejò nítòsí, ọ̀rọ̀ oko tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Bí ẹ bá délé fún ọdún, tí ẹ sì fẹ́ bi wọ́n léèrè, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bèèrè pé, “Ìyá, kí ni orúkọ ìlú wa túmọ̀ sí?” Ìtàn tí gbogbo ayé mọ̀ ni wọn yóò sọ fún yín. Ẹ bèèrè bí ìyá tiwọn ṣe máa ń pe orúkọ náà. Ẹ bèèrè bí àwọn ará ìlú kejì ṣe máa ń pè é nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bú wọn. Ẹ ní kí wọ́n ki oríkì ilé, kí ẹ sì tan fóònù sílẹ̀ kí ó gba ohùn, nítorí ọwọ́ yín kò ní yára tó láti kọ ọ́. Bí wọ́n bá fi Yorùbá ilé-ìwé dá yín lóhùn, èyí tí wọ́n máa ń fi bá ọmọ Èkó sọ̀rọ̀, ẹ pe aládùúgbò wọn kan wọlé, kí àwọn méjèèjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin sì dákẹ́.